Bọ́ọ̀sì Aláwọ̀ Ìyeyè

Ọdún mẹ́rìnlá ni bọ́ọ̀sì náà fi kó ọmọ iléèwé
kí wọ́n tó ní ó ti gbó,
bí wọ́n ṣe sọ fún Oyèdòkun, awakọ̀ rẹ̀.
Wọ́n fún ọkọ mi ní aago ògiri.
Ó dá aago padà, ó ní bọ́ọ̀sì lòun fẹ́.

Ó tú àga kúrò, ó tẹ́ tìmùtìmù
síbi tí àwọn ọmọ ti ń jà sí fèrèsé.
Orúkọ ẹnìkan ṣì wà lára irin, ìṣó ni wọ́n fi họ ọ́:
DÉJÌ. Mo ní kó má kùn ún.
Ká jẹ́ kí Déjì bá wa lọ.

Àwọn ará Tákìẹ́ ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé,
ẹ wá ń lọ sùn nínú mọ́tò?"
Ìyá Àwẹ̀ró ní bóyá onígbèsè ló ń lé wa.
Ìbídùn pè láti Kánádà, ó fi yìnyín hàn wá lórí fóònù:
"Màámi, ibí tutù kọjá kéèyàn jáde."
Mo ní, "Ọyẹ́ tiwa náà ti dé. Àwa ń jáde lọ pàdé ẹ̀."

Ajá méjì ló wọkọ̀ ṣáájú wa:
Tanímọ̀la, arúgbó, ojú òsì rẹ̀ ti funfun bí ògì;
àti Sùúrù, tí kò ní sùúrù rárá,
tó gbó ewúrẹ́, gbó alùpùpù, gbó òjìji ara rẹ̀
títí a fi kọjá ilé epo tó kẹ́yìn.

Ìgbẹ́tì là ń lọ, ká lọ wo àpáta nínú kùrukùru.
A ò tíì rí òrùlé Ìkòyí tí bọ́ọ̀sì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó dákẹ́ bí àgbà tí ọmọdé já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀.
Oyèdòkun ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó, ó wò ó,
ó tún pa á dé.
"Ibí náà dáa," ó wí.

Ọyẹ́ kò kan ilẹ̀kùn.
Mo fi òrí ra gìgísẹ̀ ọkọ mi tó là bí àkùrọ̀ tómi kọ̀ sílẹ̀,
mo fi ìyókù ra imú Tanímọ̀la.
Oyèdòkun ti búra láti ilé:
ajá kì í bá òun gbé orí ẹní, abẹ́ ọkọ̀ ni wọn ó sùn.
Ní aago mẹ́jọ, ó tún un sọ.
Ní aago mẹ́wàá, ó ní ká fún wọn ní kúbùsù àtijọ́.
Lóru, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ké,
mo gbọ́ ohùn olórí ilé mi nínú òkùnkùn:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n bẹ̀ yín mọ́."
Sùúrù sùn sẹ́sẹ̀ wa. Tanímọ̀la gba ìrọ̀rí.
Inú ọkọ̀ ń rùn bí aṣọ tí òjò pa.
A ò fẹ̀gbẹ́ kanra wa bẹ́ẹ̀ látìgbà tí Ìbídùn já ọmú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kùrukùru ti gbé ayé mì,
àfi igi kajú kan ṣoṣo tó ń tanná.
Mo po ògì bàbà lórí sítóòfù;
èéfín ẹnu, èéfín ìkòkò, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tiwa.
Oyèdòkun ní, "Ǹjẹ́ o rántí..."
Kò parí ẹ̀. Mo rántí.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀.
Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ mẹkáníìkì kan dúró tòun ti alùpùpù rẹ̀.
Ó na ọwọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀sì jí.
"Bàbá, wáyà kan ló kàn tú. Ṣé ẹ ò rí i ni?"
Mo wo ọkọ mi.
Ọkọ mi ń wo igi kajú.

Ní Tákìẹ́, wọ́n bi wá bí àpáta ṣe rí.
Mo ní ó tutù.
Sùúrù ti fò sílẹ̀, ó ń gbó ewúrẹ́ Ìyá Àwẹ̀ró.
Tanímọ̀la kọ̀, kò bọ́ sílẹ̀.
Ó dùbúlẹ̀ sórí ìrọ̀rí Oyèdòkun,
ó kọ ojú funfun yẹn sí ọ̀nà.